Àpótí Tí Kì í Kú

Àṣàkẹ́ ọmọ olóbì. Àṣàkẹ́ ọmọ obì olójú mẹ́rin tí wọn kì í là níwájú ọ̀tá. Ọmọ a-la-pákó-kọ́lé-àjòjì, ọmọ a-gégi-má-gbàgbé-gbòǹgbò. Adúmáadán tí èéfín ẹja kò lè ba ẹwà rẹ̀ jẹ́. Ìyàwó Èfìrè tí kò jẹ́ kí omi ọ̀sà wẹ ilé bàbá rẹ̀ kúrò lára òun. Ọmọ ìyá mi, ọmọ bàbá mi, ẹni tí mo pọ̀n nígbà tí ẹ̀yìn tèmi fúnra rẹ̀ kò tíì gbó. Sùn un re o, Àṣàkẹ́.

Oríkì rẹ̀ nìkan ni n ó pè níbí. Orúkọ tí àfáà pè sí i létí ní ọjọ́ kẹjọ, mo mọ̀ ọ́n. Orúkọ tí ìyá wa àgbà fún un, mo mọ̀ ọ́n. Etí mi ti lọ, orúńkún mi ti lọ, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ kan tí ó tíì jábọ́ lórí mi. Gbogbo àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ ní sọ́míìlì ní Ìjẹ̀bú-Igbó, mo rántí orúkọ wọn, mo rántí orúkọ ìyàwó wọn, mo rántí orúkọ ọmọ tó kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Mi ò ní kọ ọ̀kankan. Orúkọ kì í ṣe aṣọ tí èèyàn ń sá síta fún ẹni tí kò mọ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, kí ẹni tó bá ń ka èyí má wulẹ̀ wá gírámà níbẹ̀.

Sọ́míìlì ló gba etí mi. Ọdún tí mo lò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayùn ńlá yẹn ju ọdún tí mo lò pẹ̀lú ìyàwó mi lọ. Nígbà tí mo fi máa fẹ̀yìn tì, etí òsì ti dákẹ́ pátápátá, ti ọ̀tún sì ń gbọ́ bí ẹni tó wà lábẹ́ omi. Bí ẹ bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, ẹ dúró níwájú mi, ètè yín ni mo máa kà. Fóònù kò wúlò fún mi. Bí mo bá gbé e sétí, oyin ló ń kùn níbẹ̀.

Èmi nìkan ló wà nínú ilé bàbá wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Àṣàkẹ́ nìkan ló wà nínú ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní Èfìrè, níbi tó ti ń yan ẹja láti ìgbà tó ti lọ sílé ọkọ. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ìyàwó mi ti kú. Mo bẹ̀ ẹ́ kó padà wálé, ó ní mé è gbà, bí a ṣe ń wí i nílé wa. Ó ní ta ni yóò máa yan ẹja òun? Mo ní ẹja ti kú tẹ́lẹ̀, kò bìkítà ẹni tó yan án. Ó rẹ́rìn-ín, kò wá.

Ìgbà tí ọkùnrin kan tí a jọ ń lagi kú sí ìlú Òrù ni ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Ó ń dá gbé. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, òórùn ló kéde rẹ̀. Mo lọ síbi ìsìnkú náà, mo rí bí àwọn tó gbé e ṣe fi aṣọ di imú, mo sì ní, Ọlọ́run, ohun yòówù tí O bá máa ṣe fún mi, má jẹ́ kí Àṣàkẹ́ kú báyìí. Mi ò ní kí Ó má pa á. Gbogbo wa la máa kú. Mo kàn ní kí ilẹ̀ má mọ́ lórí òkú rẹ̀ láìjẹ́ pé mo mọ̀. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni mò ń fẹ́ láràárọ̀: kí n mọ̀ pé ó jí.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló mú àpótí wá. Àníkẹ́ ni n ó máa pè é. Ó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, ó ti tó ẹni ogójì ọdún, ó sì ní agídí ìyá rẹ̀. Bàbá Igbó ló ń pè mí nítorí ìlú tí mo wà. Ó ní lọ́jọ́ kan òun sọ níbi iṣẹ́ pé òun ń lọ gbé nǹkan lọ́dọ̀ Bàbá Igbó, ni gbogbo ọ́fíìsì bá yíjú padà. Ẹnìkan ní, "Màdáàmù, ẹ̀yin náà ń mu ún?" Títí di òní, wọ́n ṣì ń bá a kí mi níbẹ̀.

Ó wá lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú àpótí dúdú méjì nínú ọ̀rá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju páálí ọṣẹ lọ. Ó jókòó síwájú mi, ó la ẹnu dáadáa kí n lè ka ètè rẹ̀.

"Bàbá Igbó, mo fẹ́ so ilé yín àti ilé Màámi pọ̀."

"Okùn wo ló gùn tó bẹ́ẹ̀?"

"Kò sí okùn. Ọ̀kan máa wà níbí, ọ̀kan máa wà ní Èfìrè. Tí wọ́n bá ti rí ara wọn, ilé méjèèjì ti di ilé kan nìyẹn. Ohun tó bá ń gba àárín wọn, ẹlòmíràn kò ní rí i, kò ní gbọ́ ọ."

Mo ní èmi náà kò ní gbọ́ ọ. Ó ní òun mọ̀, nítorí náà lòun ṣe mú síléètì aláwòrán méjì dání, ọ̀kan fún ilé kọ̀ọ̀kan, tí n ó fi máa rí ojú àbúrò mi bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ àti òun yóò máa lo tẹlifóònù orí tábìlì tí òun máa so mọ́ àpótí. Fóònù ọwọ́ ìyá rẹ̀ kì í sábà wọlé ní Èfìrè, èèyàn á pè títí, obìnrin inú rẹ̀ á máa ní ẹni tí ẹ ń pè kò sí nítòsí.

Ó gun àkàsọ̀ fúnra rẹ̀, ó so sólà kékeré mọ́ òrùlé mi, ó fa wáyà wọlé, ó gbé àpótí lé orí kọ́bọ́ọ̀dù ìyá wa. Lẹ́yìn náà ó fi mí sínú mọ́tò, ó di Èfìrè. Ọ̀nà yẹn jìn. Èèyàn á gba Ìjẹ̀bú-Òde, á gba inú igbó J4, á kọjá Abígí, ìdí á ti kú kó tó rí omi ọ̀sà. Nígbà tí a débẹ̀, Àṣàkẹ́ ń da ẹja rú lórí ààrò. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó sì fọwọ́ olóòórùn ẹja yẹn di mí mú bíi kí n má lọ mọ́.

Àníkẹ́ ṣàlàyé fún un. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dà rú díẹ̀.

"Màámi, ẹ wò ó bí ẹni pé mo gbẹ́ ihò kan lábẹ́ ilẹ̀, láti ibí títí dé ilé Bàbá Igbó—"

"Ihò?"

"Àpèjúwe ni, Màámi."

"Ihò abẹ́ ilẹ̀, láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, ní ọjọ́ orí wa yìí? Kí ni wọ́n ń gbé gba ihò abẹ́ ilẹ̀? Gbẹ́ ẹ lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, kí ìwọ àti àwọn ọ̀gá rẹ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́."

Àníkẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe ń pè é níbi tí òun ti kọ́ ọ nìyẹn. Àṣàkẹ́ ní ibi tó ti kọ́ ọ, wọn kò mọ bàbá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ ọ́ ní orúkọ. Ó ní nínú ilé bàbá wa, yàrá òun àti yàrá èmi kọjú síra, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà láàárín. Ó ní kí a máa pè é ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń pè é bẹ́ẹ̀, Àníkẹ́ pàápàá: "Bàbá Igbó, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti ṣí," "Màámi, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń fà díẹ̀ lónìí."

Iná kékeré kan wà lójú àpótí kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ pupa, àpótí yẹn nìkan ló jí. Tó bá di àwọ̀ ewé, àwọn méjèèjì ti rí ara wọn. Mo bi Àníkẹ́ léèrè bí àpótí ṣe ń mọ̀. Ó ní ní gbogbo ìgbà ni ọ̀kan ń bi èkejì pé ṣé o wà, tí èkejì sì ń dáhùn pé mo wà. Ṣé o wà? Mo wà. Àní tí kò bá sí ọ̀rọ̀ kankan láàárín wọn. Mo ní àpótí yìí ní ẹ̀kọ́ ilé ju ọmọ èèyàn lọ.

Síléètì kò pẹ́ lọ́wọ́ wa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Èfìrè kò lè gbé àwòrán. Ní ọjọ́ kẹta, bí Àṣàkẹ́ ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ dúró gbagidi, ẹnu là sílẹ̀, ojú kan ṣí, ojú kan dé ààbọ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú. Ó pẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, tèmi náà ti dúró. Nígbà tí wọ́n fi sọ fún un pé bí tirẹ̀ ṣe rí lójú mi nìyẹn, ó fi gèlè wé síléètì tirẹ̀, ó tì í sínú àpótí aṣọ, ó ní kí wọ́n má fi ojú òkú òun han ẹ̀gbọ́n òun kí òun tó kú.

Bí ó ṣe ku iná kékeré yẹn nìkan fún mi nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bàbá wa. Bàbá wa ti rí sọ́míìlì tó jóná rí. Ẹnìkan ló fi fìtílà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àṣẹ́kù pákó tó sì lọ sùn. Nítorí náà nínú ilé wa, ẹnikẹ́ni kì í sùn fi iná sílẹ̀. Bàbá á lọ láti yàrá dé yàrá lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, á ní, "Ẹ pa iná kí ẹ tó sùn. Iná tí ẹ bá fi sílẹ̀ á jí ṣáájú yín." Ó ti wọ̀ wá lára. Èmi ń pa gbogbo súìṣì ilé kí n tó sùn, Àṣàkẹ́ ń fọ́n omi sí ààrò ẹja rẹ̀ kó tó ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí Àníkẹ́ ní kí a má pa àpótí, a ní a ti gbọ́. Bí ó ṣe lọ tán, mo pa á ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Mo tàn án padà nígbà tí mo kírun Àsùbá tán. Mi ò mọ̀ pé Àṣàkẹ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ohun tí mo kàn mọ̀ ni pé láàárọ̀, bí mo bá tan tèmi, á wà ní pupa díẹ̀, lójijì á di ewé. Ọkàn mi á balẹ̀. Mo rò pé bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ọdún Iléyá ni mo tó mọ̀. Mo lọ kí i ní Èfìrè. Bí mo ṣe jókòó, ó dúró síwájú mi, ó fọwọ́ sí ìbàdí.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ pẹ́ jí lọ́jọ́ Àlàmísì."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Àpótí yín ni. Mo tan tèmi, pupa. Mo fọ abọ́ tán, pupa. Mo ní ah, ìyá kan ti gbé Bọ̀ọ̀dá mi lọ sílé rẹ̀ ní Awà."

"Ìyá wo? Orúńkún ni. Àṣé ìwọ náà ń pa tìrẹ lálẹ́?"

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n sùn fi iná sílẹ̀ ni? Kì í ṣe bàbá kan náà ló bí wa?"

A wo ara wa. Lẹ́yìn náà ni a rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí a kò rín láti ìgbà tí a ti sin àwọn tó jẹ́ tiwa. Ọmọ tó ti lé ní àádọ́rin ọdún àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí wọ́n ń sá pamọ́ fún ọmọ wọn. Mo wá bá a wí. Mo ní ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé nìyẹn, kí àgbà máa jókòó ti iná pupa dúró de ìkíni àbúrò? Ìwọ ni àbúrò. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ tan tìrẹ.

"Mo ń kúnlẹ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́ o," ló wí. "Ẹ kàn kì í rí i ni. Ẹ wo orúńkún mi, ẹ wò ó bó ṣe bó."

Láti ìgbà náà, Àṣàkẹ́ ló ń kọ́kọ́ tàn án. Màá kírun tán, màá ka tẹ̀sùbáà díẹ̀ kí n má ṣáájú rẹ̀, màá wá tẹ súìṣì. Kì í pẹ́ tí á fi di ewé. Ẹ kú àárọ̀ ni. Ó ti jí. Ó ti kúnlẹ̀. Bó bá sì wà ní pupa, mi ò ní kúrò níwájú rẹ̀ títí yóò fi yí padà. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló pẹ́. Gbogbo oṣù tí a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò bẹ̀rù òkú Òrù yẹn mọ́. Adití ni mí, ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ àbúrò mi láràárọ̀.

Ṣùgbọ́n Àníkẹ́ ń rí gbogbo rẹ̀ láti Àgọ́-Ìwòyè. Ó ní fóònù òun ń sọ fún òun pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń já lálaalẹ́. Ohun tó sì ń bà á lẹ́rù ni pé bí nǹkan bá ṣe ìyá rẹ̀ lóru, tẹlifóònù orí tábìlì kò ní lè dún. Ó wá bá mi.

"Bàbá Igbó, ta ló ń pa àpótí yìí?"

Mo wo òkè, mo wo ilẹ̀. "Eku ni."

"Eku?"

"Eku ńlá kan. Ó ń fa wáyà."

Ó fọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. "Mo ti lọ Èfìrè lánàá. Màámi ní eku ni. Bàbá mi, eku Igbó àti eku Èfìrè, wọ́n jọ ń sùn ní aago mẹ́sàn-án, wọ́n jọ ń jí lẹ́yìn Àsùbá! Eku mùsùlùmí ni wọ́n!"

Kò bínú. Ì bá bínú kó sàn. Ó rò pé a gbàgbé ni, pé àgbà ti ń dé sí wa. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó mú bátìrì dé, ó gbé àpótí àti bátìrì pọ̀ sínú ilé irin kékeré kan, ó dè é mọ́ ògiri lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi téèpù dúdú wé ibi tí súìṣì wà. Ojú iná nìkan ló fi sílẹ̀. Ó fọwọ́ lù ú, ó ní, "Ó parí. Òjò rọ̀ o, iná lọ o, eku jẹ wáyà o, kò ní kú mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ní, "Má sọ bẹ́ẹ̀ nípa ohun tí èèyàn fọwọ́ ṣe."

"Bàbá Igbó, àpótí ni mò ń wí."

A jọ lọ Èfìrè lọ́jọ́ náà, ó ṣe ti Àṣàkẹ́ bákan náà. Bó ṣe ń wé téèpù, tó kọ ẹ̀yìn sí wa, Àṣàkẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí lójú. Ètè rẹ̀ nìkan ló lò, kò fi ohùn sí i, ó mọ̀ pé ètè ni mò ń kà. Ó ní, "Ẹ sọ fún un."

Mo fi ètè dá a lóhùn. "Ìwọ ni ìyá rẹ̀. Ìwọ sọ fún un."

"Ẹ̀yin ni àgbà."

Mo gbé ojú kúrò. Mo ti parọ́ eku. Báwo ni n ó ṣe wá dìde sọ fún ọmọ tó kàwé débẹ̀, tó fi ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ gun àkàsọ̀ nítorí wa, pé èmi àti ìyá rẹ̀ ń fi iná ẹ̀rọ rẹ̀ kí ara wa ẹ kú àárọ̀ bí ọmọdé tó ń ṣe ilé erùpẹ̀? Ojú tì mí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹjọ́ mìíràn tí mo lè rò. Àṣàkẹ́ padà lọ da ẹja rẹ̀ rú.

Láti ọjọ́ náà, ewé ni. Mo sùn, ewé. Mo jí, ewé. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ inú mi dùn sí i, mo ń sọ fún ara mi pé ó kúkú sàn, n kò ní rí pupa mọ́ láé. Lẹ́yìn náà mi ò wò ó mọ́. Ohun tí kì í yí padà, ojú kì í pẹ́ fò ó. Ó dà bí àmì tí ayùn fi sí mi lápá, mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Àníkẹ́ ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù orí tábìlì ní ìrọ̀lẹ́ mélòó kan lọ́sẹ̀, ó ń bá mi mú ìròyìn rẹ̀ wá bó bá kọjá: Màámi ní kí ẹ lo àgbo yín, Màámi ní ẹja ti wọ́n. Mo ní alhamdulilahi. Òjò dé, ó lọ, ọyẹ́ dé.

Ọjọ́bọ̀ kan, mo kírun Àsùbá tán, mo yíjú sí kọ́bọ́ọ̀dù, mi ò mọ ohun tó mú mi yíjú. Ewé ló wà. Mo ní, "Àṣàkẹ́, o ṣeun." Mo lọ gbé omi sórí iná.

Oòrùn ti gun díẹ̀ nígbà tí Àníkẹ́ wọlé. Kì í ṣe ọjọ́ tó máa ń wá. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bára mu. Ó dúró níwájú mi dáadáa bó ṣe máa ń dúró, ó la ẹnu kí n lè kà á, ètè rẹ̀ sì sọ "Màámi", ó wá fọwọ́ bo ẹnu. Mo ní Ìnnà líllàhì. Mo wo àpótí. Ó ń tàn.

Nínú mọ́tò, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń yíjú sí mi kí n lè rí ẹnu rẹ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́ kó wo ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ láti Ìjẹ̀bú-Òde títí wọ inú igbó. Ó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀rín ni wọ́n rín. Ọjọ́rú ó pè, tẹlifóònù dún títí, ìyá rẹ̀ kò gbé e. Ó tún pè. "Mo wá wo ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bàbá Igbó. Ewé ni. Mo ní bí ewé bá wà, ilé wà dáadáa. Mo ní wọ́n á ti lọ síbi ìkómọ kan. Mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Ewé ni." Lẹ́yìn tí a kọjá Abígí kò yíjú sí mi mọ́, ṣùgbọ́n mo ń wo ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, ó ṣì ń sọ ọ́.

Ìyàwó ilé kan tí ilé rẹ̀ kángun sí ti Àṣàkẹ́ ló rí i. Ó wá gba ẹja láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, ó kanlẹ̀kùn títí, ilẹ̀kùn wà ní títì látinú. Àwọn ọkùnrin já fèrèsé. Orí ẹní ló wà, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tẹlifóònù orí tábìlì rẹ̀ ni wọ́n fi pe Àníkẹ́. Nígbà tí a fi dé, àwọn obìnrin ti ń bomi tí wọn yóò fi wẹ̀ ẹ́. Ẹnìkan nínú wọn fi aṣọ di imú. Mo rí i. Ó rí mi pé mo rí i, ó sì yára já aṣọ náà sílẹ̀.

Mo wọ yàrá rẹ̀. Búútà àlùwàlá rẹ̀ kún dé ẹnu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, bó ṣe máa ń pọn ọ́n sílẹ̀ lálẹ́ de Àsùbá. Kò tíì fọwọ́ kàn án. Àpótí wà lára ògiri níbi tí Àníkẹ́ dè é mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò rí iná rẹ̀. Àkísà gèlè aláró kan ló wà lójú rẹ̀, tí wọ́n fi ìṣó kékeré kọ́ sókè, tí wọ́n sì fà wálẹ̀ bo iná náà bí ẹni daṣọ bo ọmọ.

Àníkẹ́ ti wà lẹ́yìn mi. Ó tọ́ka sí aṣọ náà, ó yíjú sí ìyàwó ilé yẹn. "Kí ni èyí?"

Obìnrin náà nu ojú. "Tiwọn ni, àǹtí. Lálaalẹ́ ni wọ́n ń bò ó. Wọ́n ní ẹ ò jẹ́ kí àwọn pa á, àwọn ò sì lè sùn fi iná sílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á ṣí i, wọ́n á wá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, wọ́n á ní, 'Ẹ kú àárọ̀ o, Bọ̀ọ̀dá mi.' A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. A ní, 'Màmá, Bọ̀ọ̀dá ti dáhùn?' Wọ́n á ní, 'Wọ́n ń gbọ́. Etí wọn ló di, wọn ò gọ̀.'"

Gbogbo rẹ̀ ni mo kà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan kò fò mí.

Àṣàkẹ́ kò ṣíwọ́. Èmi ló ṣíwọ́. Ní gbogbo àárọ̀ tí mo ń kọjá níwájú kọ́bọ́ọ̀dù láìyíjú, orúńkún rẹ̀ wà nílẹ̀. Aṣọ yẹn ti wà lójú iná láti alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ilẹ̀ mọ́ ní Ọjọ́rú, kò sí ẹni tó ṣí i. Ilẹ̀ mọ́ ní Ọjọ́bọ̀. Ká ní súìṣì la ṣì ń lò, ǹ bá tan tèmi láàárọ̀ Ọjọ́rú, ì bá wà ní pupa, ǹ bá bọ́ sójú títì pẹ̀lú orúńkún mi. Ìyẹn kì bá tí jí i. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì bá ti mọ́ lé e lórí lẹ́ẹ̀mejì.

Níbẹ̀, pẹ̀lú omi ìwẹ̀ òkú tó ń kọjá lẹ́yìn wa, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Àníkẹ́. Eku, súìṣì, ìkúnlẹ̀, ohun tí ìyá rẹ̀ fi ètè bẹ̀ mí kí n sọ tí mi ò sọ. Mi ò mọ bí ohùn mi ṣe ròkè tó, adití kì í mọ̀. Àwọn tó wà níta yọjú wá wò wá.

Ó ní, "Bàbá Igbó, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

Mo wo ètè rẹ̀ títí ó fi pa á dé.

Ó gbé ọ̀bẹ ẹja ìyá rẹ̀, ó gé téèpù dúdú tó wé, ó sì pa súìṣì náà. Mo ṣí àkísà gèlè yẹn, mo wò ó. Kò tàn mọ́. Mo mọ̀ pé ní Ìjẹ̀bú-Igbó, lórí kọ́bọ́ọ̀dù ìyá wa, tèmi ti di pupa.

Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi aṣọ funfun dì í, àfáà kírun sí i lára níwájú ilé. Àwọn ọmọ ọkọ rẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀, ní ẹ̀yìn ilé, níbi tí omi ọ̀sà kì í dé. Wọ́n ní kí n má wọ̀ ọ́ nítorí orúńkún mi. Mo dúró lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ náà, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ni a sin Àṣàkẹ́ sí Èfìrè.